Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ẹranko Lórúkọ

Nínú àwọn iṣẹ́ tí Ìwé Mímọ́ sọ pé Ọlọ́run fi lé ènìyàn lọ́wọ́, iṣẹ́ fífún ẹ̀dá lórúkọ wà lára àwọn tí ó ṣáájú. Kí Ádámù tó ní aya, kí ó tó ní ọmọ, a ti kó àwọn ẹranko wá sí iwájú rẹ̀ kí ó lè sọ wọ́n lórúkọ. Iṣẹ́ náà kò tíì parí títí di òní olónìí. Ní ọdún 2010, ẹranko kan tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti ń pa láti ayébáyé, tí àwọn ìyá wa sì ti ń sè lọ́bẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bí irú ẹranko tí ó dá dúró. Ẹtu ni ẹranko náà. Agbárí rẹ̀ àti apilẹ̀ àbùdá tí ó wà nínú ẹran ara rẹ̀ ni ó jẹ́rìí fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a mọ̀ pé bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, ohun tí ẹ ń retí láti kà nínú ìwé yìí ni ìtàn àwọn olùdásílẹ̀, ti àwọn ọ̀gá àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ kọjá, àti ti ilé tí a fẹ́ kọ́. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ń tọrọ àyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ẹtu, ti erin àti ti akika. Ìdí ni pé ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ bóyá orúkọ ẹranko kan tọ́ tàbí kò tọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà wa jáde mọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní ibi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pààlà. Bí a bá wo ohun tí ń gba èbúté wa kọjá, a ó rí i pé àwa gan-an ni kò yẹ kí a ṣe aláìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Nínú èdè Yorùbá, bí a bá ní “ẹ̀yà”, ó lè jẹ́ ẹ̀yà ara, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà ènìyàn, bí Ìjọ, Ìlàjẹ, Urhobo, Ìgbò àti Hausa tí wọ́n ń bá Yorùbá gbé Ajégúnlẹ̀. Nítorí náà, a kò ní lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹranko nínú àròkọ yìí. “Irú” ni a ó máa lò, bí Bíbélì èdè wa ti lò ó nínú ìtàn ìṣẹ̀dá. Ohun tí a ń pè ní irú ẹranko kan ni àwọn ẹranko tí wọ́n ń bá ara wọn gùn, tí wọ́n ń bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ń bí ọmọ mìíràn, tí ìran wọn sì ti yà kúrò lára ìran yòókù fún ìgbà pípẹ́. Ajá funfun àti ajá dúdú, irú kan ni wọ́n. Ewúrẹ́ àti àgùntàn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ̀ ní òpópónà kan náà, irú méjì ni wọ́n. Ìyẹn kò le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ojú lásán kò ti lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ojú a máa tan ni jẹ, ọwọ́ pàápàá a sì máa tan ni jẹ. Ísáákì fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó bá irun níbẹ̀, ó sì súre fún ẹni tí kì í ṣe ẹni tí ó ní lọ́kàn. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni ó fọwọ́ kàn. Etí rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣiyèméjì sí ohùn tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ̀rí awọ borí ẹ̀rí ohùn. Láti ìgbà tí Linnaeus ará Sweden ti fi ìlànà orúkọ méjì-méjì lélẹ̀ fún gbogbo ẹranko ní 1758, ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń pín ẹranko sí irú-irú fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún ni awọ, ìwo, eyín àti egungun. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì dúró títí di òní. Síbẹ̀, ẹranko méjì lè jọra nítorí pé irú igbó kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹranko méjì sì lè yàtọ̀ síra nítorí pé ọ̀kan dàgbà níbi tí oúnjẹ ti pọ̀, tí èkejì kò rí oúnjẹ tó jẹ.

Ẹ̀rí tí apilẹ̀ àbùdá mú wá yàtọ̀, nítorí pé kò sí ẹranko tí ó lè gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ẹranko kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, ó dà bí ìwé gígùn tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Bí ìran ti ń tẹ̀ lé ìran ni a ń da ìwé náà kọ, bí a sì ti ń dà á kọ ni àyípadà kéékèèké ń wọ inú rẹ̀. Bí odò ńlá tàbí pápá gbígbẹ bá la agbo ẹranko kan sí méjì, tí wọn kò sì lè pàdé mọ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, àyípadà tí ó bá wọ ìwé àwọn ti ìhín kò ní jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wọ ìwé àwọn ti ọ̀hún. Ẹni tí ó bá tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì kà wọ́n, yóò mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pínyà, tàbí wọ́n ṣì ń bá ara wọn pàdé. Kò sì béèrè odidi ẹranko. Ẹran díẹ̀, egungun, irun, àní ìgbẹ́ tí ẹranko yà sílẹ̀ kọjá lọ, lè tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ó ti rí fún ẹtu. Láàárín odò Volta ní Gánà àti Odò Ọya ní Nàìjíríà, ilẹ̀ pápá kan wà tí ó la igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì, tí ó sì dé etí òkun ní Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Àlàfo Dahomey. Ṣáájú 2010, àwọn ìwé a máa ka ẹtu kékeré tí ń gbé agbègbè yìí mọ́ ẹtu Maxwell, tí ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Senegal. Ní ìkọjá Odò Ọya, lọ sí àárín gbùngbùn Áfíríkà, ẹtu mìíràn wà níbẹ̀ tí a ń pè ní ẹtu aláwọ̀ búlúù. Ní 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Belgium kan, Walter Verheyen, rí ẹtu kan gbà ní Tógò. Ọdún 42 kọjá kí ọ̀rọ̀ ẹtu náà tó yanjú. Ní 2010, Marc Colyn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Armand Natta ti orílẹ̀-èdè Benin wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti kó ẹ̀rí jọ láti inú ọjà ẹran ìgbẹ́. Wọ́n wọn agbárí, wọ́n yẹ awọ wò, wọ́n sì ka apilẹ̀ àbùdá. Ẹnu àwọn ẹ̀rí náà kò tase ara wọn: ẹtu tí ń gbé àárín Volta àti Ọya kì í ṣe ẹtu Maxwell, kì í sì í ṣe ẹtu aláwọ̀ búlúù. Wọ́n sọ ọ́ ní Philantomba walteri, ẹtu Walter, ní ìrántí ọ̀jọ̀gbọ́n náà tí ó ti kú ní 2005.

Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín odò méjèèjì wọ̀nyí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé wa ni ọ̀rọ̀ ẹtu yìí. Kí a tó rí àwòrán rẹ̀ láàyè nínú igbó, ó di 2021, nígbà tí ìròyìn jáde pé kámẹ́rà tí a dè sínú ọgbà àwọn ẹranko ìgbẹ́ ti Fazao-Malfakassa ní Tógò ti yà á. Orí igbá ni ìmọ̀ ti kọ́kọ́ bá a pàdé, òkú ni ó sì bá. Àwọn baba wa ti ń pè é ní ẹtu kí Linnaeus tó wáyé, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ wa ni ọjà wà, òkè òkun ni yàrá ìdánwò wà. Ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ẹ̀rí ti wá, ẹlòmíràn ni ó kà á. Àjọ IUCN tí ń kọ àkọsílẹ̀ ẹranko tí ó wà nínú ewu sì ti fi ẹtu yìí sí abẹ́ àwọn tí ìmọ̀ nípa wọn kò tíì tó láti fi dájọ́. Ta ni yóò wá mú ìmọ̀ náà wá bí kò bá ṣe ọmọ ẹni tí ń gbé pẹ̀lú rẹ̀?

A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìdánwò apilẹ̀ àbùdá kì í gbè sẹ́yìn gbogbo orúkọ tí a bá gbé dé iwájú rẹ̀. Ní 1906, onímọ̀ ará Jámánì kan, Theodor Noack, rí erin kékeré kan tí a mú wá láti ìhà Kóńgò, ó sì kéde pé irú erin tuntun ni, erin aràrá. Orúkọ náà dúró nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan gbà á, àwọn kan kọ̀ ọ́. Nígbà tí Régis Debruyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka apilẹ̀ àbùdá àwọn erin tí a ń pè ní aràrá, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003, wọ́n rí i pé inú agbo erin igbó ni gbogbo wọn bọ́ sí, láìní ìran tiwọn lọ́tọ̀. Orúkọ náà kò yege. Ìyẹn ni a fi mọ̀ pé ìdánwò tòótọ́ ni: ó fún ẹtu ní orúkọ, ó sì gba orúkọ lọ́wọ́ erin aràrá.

Erin igbó náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan gbogbo wa gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àgbà a máa wí pé, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n erin wo? Fún ìgbà pípẹ́, erin kan ṣoṣo ni àwọn ìwé gbà pé ó wà ní Áfíríkà. Àwọn kan ti ṣàkíyèsí pé erin inú igbó kéré ju ti pápá lọ, pé etí rẹ̀ rí róbótó, pé eyín rẹ̀ gùn tààrà sí ìsàlẹ̀; àwọn mìíràn ní igbó lásán ni ó fà á. Ní 2001, Alfred Roca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka apilẹ̀ àbùdá erin láti ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, wọ́n sì sọ pé irú méjì ni wọ́n.

Àríyànjiyàn kò parí níbẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ ìdí. DNA oríṣi méjì ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan wà nínú ọkàn sẹ́ẹ̀lì, ti bàbá àti ti ìyá ni ó pa pọ̀. Èkejì wà nínú ohun kékeré tí a ń pè ní mitochondria, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a sì ti ń jogún rẹ̀. Nígbà tí a ka ti mitochondria nìkan, a rí àwọn erin pápá tí wọ́n gbé ti erin igbó lára, ó sì dà bí ẹni pé erin méjèèjì ti dàrú mọ́ ara wọn. Ní 2005, Roca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ti ọkàn sẹ́ẹ̀lì wé ti mitochondria, wọ́n sì rí i pé ní àtijọ́, akọ erin pápá a máa gun abo erin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ igbó, àwọn ọmọ wọn obìnrin náà a sì máa bímọ fún akọ pápá, títí tí ohun gbogbo fi di ti pápá tán lára wọn àyàfi ohun tí ìyá-ńlá fi sílẹ̀ nínú mitochondria. Ó dà bí ẹni tí a béèrè ìran rẹ̀, tí ó sọ ti ìyá ìyá rẹ̀ nìkan. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó ku bàbá, ó ku ìyá bàbá.

Èyí ni ó mú kí a gbà pé apilẹ̀ àbùdá jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì tí kò yẹ kí a sọ di adájọ́. Òfin Mósè kò gbà kí a dá ènìyàn lẹ́bi lórí ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo. Ó béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí nígbà tí a bá fẹ́ dá irú ẹranko kan sílẹ̀ tàbí kí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kí DNA ti ìyá sọ tirẹ̀, kí ti ọkàn sẹ́ẹ̀lì sọ tirẹ̀, kí agbárí àti eyín sọ tiwọn, kí a sì gbọ́ lẹ́nu ọdẹ tí ó mọ ibi tí ẹranko náà ń sùn àti ohun tí ó ń jẹ. Àpẹẹrẹ tí a bá yẹ̀ wò kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mú ẹtu kan ní Tógò àti ẹtu kan ní Sàró, tí kò wo èyí tí ó wà láàárín, lè rò pé ìyàtọ̀ ńlá ni ó rí, nígbà tí ó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí padà láti ibì kan dé ibì kejì.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni èrè gbogbo làálàá yìí. Bí erin bá jẹ́ méjì tàbí bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ṣé kì í ṣe erin náà ni? Èrè rẹ̀ ni pé orúkọ ni òfin ń bá ṣiṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn CITES, tí ń ṣàkóso òwò ẹranko ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè, ní 1974. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí irú òwò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1985. Orúkọ ẹranko ni ó kún inú àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹranko tí kò bá ní orúkọ kò ní agbẹjọ́rò. Ẹ wo erin lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a ń ka erin Áfíríkà sí ọ̀kan ṣoṣo, púpọ̀ àwọn ti pápá bo ìparun àwọn ti igbó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ IUCN yẹ àwọn méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, a sì rí i pé iye erin igbó ti dín kù ju 86 nínú 100 lọ láàárín ọdún 31. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í sí ipele tí ó kángun sí ìparun pátápátá. Díẹ̀ nínú erin igbó yìí ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó. Aládùúgbò wa ni wọ́n.

Èbúté wa sì wà nínú ìtàn náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè dá kọ̀ntéénà kan dúró ní èbúté Àpápá tí ó ń lọ sí Haiphong ní Vietnam. Ìwé rẹ̀ sọ pé ohun èlò àga àti tábìlì ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìpẹ́ akika tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 8 ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú eyín erin àti egungun kìnnìún. Ojú títì kan náà tí àwọn ọmọ wa ń gbà wá sí ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti dí pa, ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà dé etí omi. Irú akika mẹ́rin ni ó wà ní Áfíríkà. Àpò ìpẹ́ kan lè ní ti ju irú kan lọ nínú, ìpẹ́ kì í sì í sọ ìlú tí ó ti wá fún ẹni tí ó kàn ń wò ó. Apilẹ̀ àbùdá lè sọ ọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ fi apilẹ̀ àbùdá ìpẹ́ tí a gbẹ́sẹ̀ lé ní Hong Kong tọpa ibi tí a ti pa àwọn akika náà, ipa náà sì darí wọn sí ìhà gúúsù Cameroon. Wọ́n tún tọ́ka sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ibi tí òwò náà ń gbà kọjá.

Akika kọ́ wa ní sùúrù pẹ̀lú. Ní 2016, Philippe Gaubert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé akika oníkùn funfun, tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, pín sí ìran mẹ́fà tí ìwé DNA wọn yàtọ̀ síra. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Àlàfo Dahomey, agbègbè tiwa. Ìmọ̀ yẹn nìkan kò sọ wọ́n di irú mẹ́fà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń jẹ́. A fara mọ́ ìṣọ́ra yẹn. Kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó tí ó sọ pé bí ìyàtọ̀ bá ti tó báyìí, irú méjì ti dé. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Inú ilé náà ni ìran, ara, ibùgbé àti ìṣesí wà. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ fún ìran tiwa ní orúkọ, a ti mọ̀ báyìí pé bí àwọn ọdẹ bá pa á tán, akika tí ó wà ní Cameroon kò lè dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí a kò gbọdọ̀ fo, pàápàá jù lọ ní Ajégúnlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èdè ti pàdé. Nínú ìtàn ayé, àwọn ènìyàn burúkú ti mú ọ̀rọ̀ irú àti ìran, wọ́n sì fi sọ pé ènìyàn kan kì í ṣe ènìyàn bí ẹlòmíràn. Ìdánwò kan náà tí ó ya erin sí méjì ti yẹ ènìyàn wò, ìdájọ́ rẹ̀ sì hàn gbangba: irú kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Bí a bá mú ènìyàn méjì ní ibikíbi láyé, nǹkan bí 99.9 nínú 100 ìwé DNA wọn ni ó bára mu. Ọmọ Ìjọ àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì wa kò jìnnà síra nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìjà àdúgbò ti ń fẹ́ kí wọ́n rò. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí láti inú sáyẹ́ǹsì, bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti orí pẹpẹ.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ apilẹ̀ àbùdá lè mú ìgbàgbọ́ ọmọ wọn mì. Ohun tí àwa ń rí ní kíláàsì ni pé ọmọ tí ó bá rí bí ìwé inú sẹ́ẹ̀lì ti gùn tó, tí ó sì rí bí a ti ń dà á kọ láti ìran dé ìran, a máa fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn òbí mìíràn ń sọ pé dókítà ni ọmọ àwọn yóò dà, kí ni ó kàn án nípa ẹtu? A dá wọn lóhùn pé ìmọ̀ tí a fi ń mọ ẹtu Walter yàtọ̀ sí ti Maxwell ni a tún fi ń mọ kòkòrò àrùn kan yàtọ̀ sí èkejì, òun náà ni a sì fi ń mọ baba ọmọ ní ilé ẹjọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ bí a ti ń gbọ́ ẹ̀rí, tí ó mọ ibi tí agbára ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan mọ, yóò wúlò nínú iṣẹ́ yòówù tí ó bá yàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ń fẹ́ ní pàtó. Nínú owó tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń dá fún àjọ̀dún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún yàrá ìdánwò ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè, kí ó má ṣe jẹ́ gbọ̀ngàn àti géètì tuntun nìkan ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀. A kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá tí ń ka DNA. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àlùbọ́sà, iyọ̀, ọṣẹ ìfọbọ́ àti sípírítì tí ó tutù dáadáa ti tó fún ọmọ láti fa DNA jáde, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ó ti ń léfòó bí òwú funfun nínú ife. Agbárí ewúrẹ́ àti ti àgùntàn láti ọwọ́ alápatà ní ọjà Boundary ti tó láti kọ́ wọn bí a ti ń wọn egungun àti bí a ti ń ṣe àfiwé. Ohun tí a nílò ni mikirosíkópù tí yóò kárí, fìríìjì tí a lè fọkàn tán, iná tí kò ní máa kú lórí rẹ̀, àti àyè fún àwọn olùkọ́ láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i.

Nǹkan kejì kò ná owó. Àwọn kan nínú yín ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè, ní ilé ìwòsàn àti ní yunifásítì, ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi. Ẹ wá bá àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Yunifásítì Èkó ní Akoka lè gba ọmọ márùn-ún lálejò fún ọjọ́ kan, kí wọ́n rí yàrá tí a ti ń ka apilẹ̀ àbùdá. Ẹni tí ó bá mọ èbúté lè sọ fún wọn bí a ti ń dá ẹrù tí kò tọ́ mọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá délé tí ó ń béèrè irú ẹranko tí ń bẹ nínú ìkòkò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lé e kúrò nídìí ààrò. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹtu Walter wà láàárín Volta àti Ọya kí a tó mọ̀ pé ó wà. A kò mọ iye ẹ̀dá mìíràn tí ó wà nínú igbó Omo tàbí ní etí ọ̀sà wa tí ń dúró de ẹni tí yóò yẹ ilé wọn wò kí ó tó sọ wọ́n lórúkọ. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kí ó sì jẹ́ kí ẹranko náà ṣì wà láàyè nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kí gbogbo yín kú àjọ̀dún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.